Rin Gbingbin, Rì àti Jálumi: Àyẹ̀wò Ìtumọ̀ ní Agbègbè Odò Ọ̀tìn

Èrò kan tí ó wọ́pọ̀ nínú àlàyé ọ̀rọ̀ Yorùbá ni pé rin gbingbin kò ju kí nǹkan tutù púpọ̀ lọ. Iṣẹ́ yìí kò fara mọ́ èrò náà. Bí a bá gbà á bẹ́ẹ̀, ìtàn ogun tí ó kan Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù yóò dàrú mọ́ni lọ́wọ́.

Ìtumọ̀ tutù gbòòrò. Omi a máa tutù, ewé a máa tutù, ènìyàn pàápàá a sì máa tutù ní ìwà. Rin kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ lè rin, irun lè rin, igi ìdáná náà lè rin, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í sọ pé odò rin. Ohun tí ó lè gbẹ, tí omi sì lè wọ inú rẹ̀, ni rin bá mu. Gbingbin, ọ̀rọ̀-àpọ́nlé alápètúnpè tí ó tẹ̀ lé e, ń fi hàn pé kò ku ibi tí omi náà kò dé. Kì í sì í ṣe omi nìkan ni: òógùn tàbí ẹ̀jẹ̀ lè mú kí ẹ̀wù rin gbingbin.

Ẹ̀wẹ̀, ohun tí ó rin ṣì wà. Ó ṣeé fún, ó ṣeé sá sóòrùn. Lórí èyí ni òwe dúró tí ó ní kí ẹni tí òjò pa tí Ṣàngó kò pa máa dúpẹ́: ó rin, ṣùgbọ́n ó yè.

Ibí ni rì ti yàtọ̀. Fáwẹ̀lì àránmúpè àti ohùn àárín ni ti rin. Fáwẹ̀lì àìránmúpè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ti rì. Ìyàtọ̀ ìró yìí kéré, ti ìtumọ̀ kò kéré. Nínú rin, omi ni ó wọ inú nǹkan. Nínú rì, nǹkan ni ó wọ inú omi.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin àti àwọn alájọṣe wọn ní Ìkìrun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sá lọ ni ó kú sínú odò Ọ̀tìn. Orúkọ ogun náà ni Jálumi, èyí tí ó wá láti inú já lu omi. Òǹkọ̀tàn tí ó bá kọ ọ́ pé odò mú kí wọn rin gbingbin ti yọ wọ́n sókè odò láìmọ̀. Àwọn tí ó gòkè ni ó rin; àwọn yòókù rì.

Ṣùgbọ́n orúkọ Jálumi fúnra rẹ̀ kò pé. Ẹni tí ó já sómi wà nínú rẹ̀; ẹni tí ó lé e débẹ̀ kò sí. Orúkọ tí ó dùn lẹ́nu aṣẹ́gun ni, nítorí ó di ẹ̀bi ikú ru ẹsẹ̀ ẹni tí ń sá. Fún àwọn tí ń bọ Ọ̀tìn ní Ìnísà àti Òkukù, àyè òfo yẹn kò ṣòro láti dí: òòṣà ni yóò jókòó síbẹ̀. Fún òǹkọ̀tàn, idà àti ẹṣin Ìbàdàn ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí yóò túmọ̀ ìtàn náà gbọ́dọ̀ ya ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, kí ó má baà ka òkú mọ́ ẹni tí aṣọ rẹ̀ rin lásán.