Fótò Kan Láti Soweto

Kì í ṣe lẹ́tà nìkan ni à ń kà. À ń ka àwòrán pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a ka ọ̀kan lónìí.

Sam Nzima ni ó ya fótò yìí, ní Soweto ní Gúúsù Áfíríkà, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1976. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Mbuyisa Makhubo, gbé ọmọ kan lọ́wọ́. Hector Pieterson ni ọmọ náà. Ìbọn ọlọ́pàá ti bà á. Antoinette, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó na ọwọ́ sókè, ó ń ké.

Fótò náà lágbára. Ẹni tí kò mọ̀wé rárá yóò wò ó, yóò sì mọ̀ pé wọ́n hùwà ìkà. Ìdí nìyí tí ó fi rìn káàkiri ayé.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan kù ú kù. Ẹ wò ó dáadáa. Ta ni ó yìnbọn? Kò sí níbẹ̀. Kí ni àwọn ọmọ náà ń fẹ́? Fótò kò sọ. Ẹkún nìkan ni a rí. Bí a bá dúró síbẹ̀, a óò ṣàánú wọn, a óò sì gbàgbé.

Àwọn ọmọ náà kò jáde torí àánú. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí. Ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun ti pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi èdè Afrikaans kọ́ wọn ní ìṣirò. Wọn kò gbọ́ èdè náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ wọn kò gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jáde, wọ́n ní àwọn kò gbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹni tó bá sọ Nàgó ní kíláàsì, wọn a fi nǹkan ìtìjú kọ́ ọ lọ́rùn. Wọ́n fi kọ́ èmi náà lọ́rùn rí. Ẹnikẹ́ni kò yìnbọn fún wa. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ó ti ń rí, kí èdè ìyá ẹni di ẹ̀ṣẹ̀.

Láti ọdún 1991 ni a ti ń fi ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ṣe Ọjọ́ Ọmọdé Áfíríkà, ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí fótò yìí lọ́jọ́ náà, ẹ má kàn mi orí. Àwòrán kò lẹ́nu, àwa ni a lẹ́nu. Ẹ sọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ yín. Ẹ fi èdè yín sọ ọ́.