Ẹnu Ọ̀nà Ààfin Nínú Àwòrán: Láti Volpedo dé Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti í fi ọ̀dà sọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan àwọn òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣàì wo iṣẹ́ Giuseppe Pellizza, ará Volpedo ní ilẹ̀ Itálì. Ní 1901 ni ó parí àwòrán tí ó pè ní Il Quarto Stato, èyíinì ni Ipò Kẹrin, ipò àwọn tálákà. Àwòrán náà fẹ̀ ju mítà márùn-ún lọ. Pellizza ti kú ní 1907 kí àwọn ará Milan tó dá owó jọ rà á ní 1920.

Kò sí idà, kò sí kùmọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti alágbàṣe ni ó ń bọ̀ wá pàdé wa. Ọkùnrin méjì àti obìnrin kan ni ó ṣáájú. Obìnrin náà kò wọ bàtà; ó gbé ọmọ, ó sì na ọwọ́ kan bí ẹni tí ń bẹ ọkùnrin àárín pé kí ó gbọ́ tòun. Ọkùnrin yìí fi ẹ̀wù kọ́ èjìká. Kò sáré, kò sì dúró. Àwọn ará ìlú rẹ̀ ni Pellizza wò kùn, aya rẹ̀ sì ni obìnrin náà. Nítorí náà ni èrò ẹ̀yìn kò fi jẹ́ agbo aláìlórúkọ: olúkúlùkù ni ó ní ojú tirẹ̀.

Nínú èyí tí ó kọ́kọ́ gbìyànjú ní 1892, ilé ọlọ́lá kan ní gbàgede ìlú ni wọ́n ń lọ. Ní 1901, a kò rí ilé mọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ilé náà kò kúrò. Àwa òǹwòran ni a dúró ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ní 1969, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ní òkè mẹ́fà, ìyẹn ṣílè 30, ni àwọn yóò san ní owó orí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní oṣù Keje ọdún náà, èrò wọ ààfin, a sì pa Ṣọ̀ún. Àgbẹ̀ púpọ̀ kú pẹ̀lú nínú rògbòdìyàn náà káàkiri ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Kí ọdún tó parí, owó orí ti wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kàn wọ dàńṣíkí fún àwọn ènìyàn Pellizza, tí ó fi ọkọ́ kọ́ wọn léjìká, tí ó ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn, irọ́ ni ó kùn. Èrò Volpedo kò dé ibi tí wọ́n ń lọ, tiwa dé. Ọba kì í sì í ṣe àlejò láàrin àwọn tí ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Bí ayàwòrán bá yọ ọ́ kúrò, ó ti bu oyin sí ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá sì tẹ́ òkú rẹ̀ sí àárín gbùngbùn, a ó gbàgbé owó orí, àwọn àgbẹ̀ yóò sì di apànìyàn lásán.

Bóyá àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ ni ó yẹ kí a bi. Igbá kò ní iwájú. Bí a bá fín ọjọ́ náà yí i ká, kò sí òǹwòran tí yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo: bí ó ti ń yí igbá lọ́wọ́, yóò bá agbowó-orí pàdé, yóò bá àgbẹ̀ pàdé, yóò kan ẹni tí ó ti fẹ́ padà sílé, kí ó tó kan ààfin.