Ọmọ Ogun Orí Tábìlì: Ọgbọ́n Ló Ń Jà Ni, Àbí Owó?

Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé àgbàlagbà ọkùnrin, tó níyàwó tó bímọ, fi odidi ọ̀sẹ̀ kan kun ọ̀dà sára ère eku kan tí kò ga tó ìka, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in o, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rín in tán, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ eré náà wò, nítorí ẹjọ́ tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́ ọmọdé. Warhammer lorúkọ rẹ̀. Ìlú Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, Games Workshop, fìdí kalẹ̀ sí. Apá tí àwọn òṣèré rẹ̀ fẹ́ràn gan-an ni mo fẹ́ dá lẹ́jọ́: kíkó ọmọ ogun jọ.

Ogun ọmọláńgídi kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Ní 1913, H. G. Wells, òǹkọ̀wé nnì, tẹ ìwé òfin kan jáde tó pè ní Little Wars. Orí ilẹ̀ ilé ni wọ́n ti ń jà, wọ́n ń fi àgbá kékeré ta kóró igi lu sójà olójèé. Àmọ́ ènìyàn bíi tiwa ni sójà Wells. Ní 1983 ni Bryan Ansell, Richard Halliwell àti Rick Priestley gbé Warhammer dé, wọ́n kó iwin, aràrá, oṣó, dírágónì àti òkú tó ń rìn wọ ojú ogun. Ẹni tí wọ́n bá ti pàlọ́ iwin àti ìjàpá fún ní kékeré kò ní ṣìnà níbẹ̀.

Báwo la ṣe ń kó ogun ọ̀hún jọ? Ẹ̀yin méjì tẹ́ ẹ fẹ́ jà, ẹ ó kọ́kọ́ fẹnu kò lórí iye póíǹtì. Ká ní 2,000 ni. Gbogbo ohun tí ẹ lè kó wá ló ní iye tirẹ̀ nínú ìwé. Sójà ẹlẹ́sẹ̀ kò wọ́n, ẹlẹ́ṣin wọ́n jù ú lọ, ti dírágónì kò ṣeé fẹnu sọ. Bí ẹ bá fún balógun yín ní idà olóògùn, ẹ ó yọ ọ́ nínú 2,000 yẹn. Bí ẹ bá fún tafàtafà ní asíá, ẹ ó yọ ọ́. Bíi ti ẹni tó gbówó ọbẹ̀ lọ sọ́jà ló rí: bí ẹran bá gba gbogbo owó tán, kí la ó fi ra ata?

Ibí yìí ni mo ti yìn wọ́n, n kò fi bò. Nínú Warhammer àtijọ́, ìlà-ìlà ni ọmọ ogun ń tò, oníkálukú lórí ìpìlẹ̀ onígun mẹ́rin, èjìká kan èjìká. Bí ẹgbẹ́ méjì bá pàdé, a kì í ka òkú nìkan. Ìlà tó tò sẹ́yìn ní máàkì tirẹ̀, asíá ní tirẹ̀, ẹni tó gba ẹ̀gbẹ́ yọ sí ọ̀tá náà ní tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá pàdánù yóò ta dáìsì méjì, ká mọ̀ bóyá àyà wọn ṣì le. Bí kò bá le, ẹsẹ̀ á di eré, ṣùgbọ́n òkú tó ń rìn kò mọ ẹ̀rù. Àgbájọ ọwọ́ mà la fi ń sọ̀yà! Ogún sójà tálákà tó tò dáadáa lè lé akọni sígbó. N kò mọ eré púpọ̀ tó fi hàn kedere báyìí pé ìbẹ̀rù ń fọ́ ogun bí idà ti ń fọ́ ọ.

Ó wáá ku àléébù. Nígbà tí ìwé òfin ẹlẹ́ẹ̀kẹrin jáde ní 1992, wọ́n gbà kí àwọn akọni àti oṣó jẹ tó ìdajì póíǹtì. Kí lẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀? Àwọn òṣèré kó gbogbo agbára lé orí ènìyàn kan, wọ́n dì í ní oògùn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n gbé e gun dírágónì. Àwọn yòókù di èrò ìwòran. Kódà àwọn tó fẹ́ràn eré náà sọ ọ́ ní Herohammer láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ, ní 2010, tún un ṣe: sójà gbáàtúù kò gbọdọ̀ dín ní ìdá kan nínú mẹ́rin, àwọn ọ̀gágun ńlá kò sì gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 2,000, ó kéré tán 500 jẹ́ ti mẹ̀kúnnù. Òfin gidi nìyẹn.

Àléébù kejì ló ká mi lára jù: póíǹtì dọ́gba, àpò kò dọ́gba. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ọmọ ayò 48 ló wà, 24 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀ta kò lè ti ilé gbé ọmọ ayò tó wúwo ju ti òpè wá. Nínú Warhammer, ẹni tó lówó lè ra oríṣi mẹ́wàá, kó wáá ṣa èyí tó mú jù nínú wọn. Ẹni tí kò lówó, ohun tó ní náà ni yóò kó wá. Wọn á ní, “Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ lẹ̀ ń sanwó fún, ẹwà ni.” Òótọ́ ni, ère náà rẹwà. Ṣùgbọ́n ẹwà kọ́ là ń ta dáìsì lé lórí.

Nígbà tó di 2015, ilé iṣẹ́ náà fúnra wọn pa ayé Warhammer àtijọ́ run nínú ìtàn, wọ́n gbé Age of Sigmar jáde. Ìpìlẹ̀ onígun mẹ́rin di róbótó, ìlà túká. Òfin ọ̀fẹ́ wà fún àwọn ère àtijọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n yọ póíǹtì kúrò pátápátá: kí kálukú kó ohun tó bá wù ú wá. Ariwo ta. Nígbà tó fi máa di 2016, póíǹtì ti padà sínú ìwé tí wọ́n pè ní General’s Handbook. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ dúró; wọ́n kọ òfin tiwọn, The 9th Age, wọ́n ń bá ìlà àtijọ́ lọ. Ní January 2024, ilé iṣẹ́ náà dá ìpìlẹ̀ onígun mẹ́rin padà nínú The Old World.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Póíǹtì kì í ṣe ìṣirò lásán. Àdéhùn ni, pé èmi àti ìwọ yóò jọ wọ̀n ọ́n dọ́gba ká tó na ọwọ́ síra wa. Ogun gidi kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ọdún kan péré lẹ́yìn ìwé Wells ni ti 1914 bẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá bẹ̀ yín fún un, ẹ má lé e. Sójà ẹlẹ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà fún un, kó fọwọ́ ara rẹ̀ kùn wọ́n, kó mọ bí wọ́n ṣe ń tò. Bó bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ lè wáá jọ dúnàádúrà lórí dírágónì.