Ta Ló Pa Àwọn Ọmọ Inú Sinimá "Lábẹ́ Iyanrìn"?

Sinimá kan wà láti ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì tí wọ́n ń pè ní Under sandet, ìyẹn "Lábẹ́ Iyanrìn". Land of Mine ni orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá wò ó yóò kọ́kọ́ rò pé bọ́ǹbù ló ń pa àwọn ọmọ inú rẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wò ó, ohun tí mo sì rí ni pé ebi, ìkánjú àti àṣẹ ọ̀gá ló pa wọ́n. Bọ́ǹbù kàn jẹ́ ọ̀nà tí ikú gbà wọlé ni.

Martin Zandvliet ló darí sinimá náà ní 2015, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tó ń du ẹ̀bùn Oscar ti ilẹ̀ òkèèrè ní 2017. Ìtàn inú rẹ̀ kì í ṣe àròsọ pátápátá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn sójà Jámánì ri bọ́ǹbù tó lé ní mílíọ̀nù kan mọ́ etíkun ìwọ̀-oòrùn Dẹ́nmáàkì, nítorí wọ́n rò pé àwọn ọ̀tá lè gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí ogun parí ní 1945, wọ́n ní kí àwọn sójà Jámánì tó túúbá fi ọwọ́ ara wọn hú u. Àwọn kan á sọ pé aṣesílẹ̀ làbọ̀wábá. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí wọ́n rán lọ nínú sinimá yìí: ọmọ mẹ́rìnlá tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n wọn. Ṣé àwọn wọ̀nyí ló ṣe é sílẹ̀?

Sájẹ́ǹtì Rasmussen, tí Roland Møller ṣe, ni ọ̀gá wọn. Ó sọ fún wọn pé bọ́ǹbù 45,000 ló wà ní etíkun náà. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń tú mẹ́fà ní wákàtí kan, wọn á padà sílé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ gbọ́ ná! Mẹ́fà ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ọ̀kan nìyẹn. Ọmọ á dojú bolẹ̀, á máa fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún iyanrìn, á fọwọ́ gbọ́n ọn kúrò, á tú ìdérí, á sì yọ ohun tó ń ta iná sí i. Kò sí ìbòjú, kò sí ohun tó bo àyà rẹ̀. Àwọn baba wa ní bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ta ni yóò fẹ̀sọ̀ ṣe é nígbà tí wọ́n ti fi ilé ṣe owó iṣẹ́ rẹ̀?

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe kú. Wọn ò fún wọn lóńjẹ fún ọjọ́ púpọ̀, ni wọ́n bá jí oúnjẹ ẹran jẹ, èyí tí eku ti bàjẹ́. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọ̀kan ń bì lórí bọ́ǹbù tó ń tú, ó sì gé e lápá méjèèjì. Òmíràn kú nítorí pé bọ́ǹbù kejì wà lábẹ́ èyí tó fà yọ. Lẹ́yìn náà, ajá sájẹ́ǹtì kú níbi tí wọ́n ní àwọn ti tú tán. Ni ọ̀gá bá ní kí wọ́n so apá kọ́ra, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ ilẹ̀ náà wò. Èyí tó burú jù ni ti ọkọ̀: àwọn bọ́ǹbù tí wọ́n gbà pé ó ti kú ni wọ́n ń jù sínú rẹ̀, ọ̀kan ṣì wà láàyè nínú wọn, gbogbo rẹ̀ sì gbiná. Mẹ́rin péré ló kù.

Nínú gbogbo èyí, èwo la lè pè ní àmúwá Ọlọ́run? Iṣẹ́ yìí kan náà ni wọ́n ń fọwọ́ ṣe títí dòní ní Àǹgólà, Kàǹbódíà àti Afuganísítáánì, ṣùgbọ́n ó ti ní òfin. Wọ́n máa ń fi igi pupa àti funfun sàmì sí ọ̀nà tóóró tí ẹnì kan ń tú. Wọ́n máa ń jìnnà síra, kí ìbúgbàù kan má bàa pa ẹni méjì. Wọ́n máa ń wọ ìbòjú àti aṣọ ààbò, wọ́n sì máa ń sinmi lóòrèkóòrè. Bí wọ́n bá rí bọ́ǹbù, lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í tú u, ńṣe ni wọ́n ń fọ́ ọ níbi tó wà. Ẹlòmíràn a sì tún ilẹ̀ náà yẹ̀ wò kí ará ìlú tó tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, ìjàǹbá ń ṣẹlẹ̀, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń wú ilẹ̀ yí bọ́ǹbù ká, tàbí tí òógùn bá mú kí òṣìṣẹ́ gbé ìbòjú sókè. Ó rọrùn nígbà náà láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni kò fiyè sílẹ̀. Ọ̀gá tó rí i tó dákẹ́ ńkọ́?

Ibi tí mo ti bá Zandvliet wí nìyí. Ó fẹ́ràn kí kámẹ́rà rẹ̀ sún mọ́ ìka tó ń gbọ̀n jù, tó fi jẹ́ pé ńṣe là ń retí ariwo bí ẹni ń retí góòlù. Ìyẹn lè mú kí èèyàn rò pé ọwọ́ tí kò gbọ̀n àti oríire nìkan ló ń gbani. Bákan náà ni ìparí rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n kó àwọn mẹ́rin tó kù lọ sí Skallingen, bọ́ǹbù mìíràn ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Àánú wá ṣe sájẹ́ǹtì, ó sì tú wọn sílẹ̀ nítòsí ààlà Jámánì. Ó dùn mọ́ mi nínú, n ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn Geneva ti 1929 ti ní a kò gbọdọ̀ fi ẹlẹ́wọ̀n ogun ṣe iṣẹ́ eléwu. Ohun tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni pé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n ogun, pé ọ̀tá tó túúbá ni wọ́n. Sinimá náà kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ó di 1949 kí àdéhùn tuntun tó dárúkọ híhú bọ́ǹbù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ eléwu, tó ní ẹlẹ́wọ̀n tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ nìkan ló lè ṣe é.

Síbẹ̀, ẹ wá a wò. Iṣẹ́ Møller dára gidi, ojú rẹ̀ ń sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ò lè sọ. Skallingen tí wọ́n dárúkọ yẹn kì í ṣe ibi àròsọ. 2012 ni wọ́n tó tú bọ́ǹbù ibẹ̀ tán, ọdún 67 lẹ́yìn ogun. Àwọn tó parí rẹ̀ jẹun kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n tú mẹ́fà ní wákàtí kan.