Jésù Lórí Igi: Ojú Wo Ni A Fi Ń Wò Ó?

Bí a bá wọ ilé Kátólíìkì tó ti pẹ́ nílùú, àfàìmọ̀ kí a má rí Jésù lórí igi àgbélébùú lára ògiri pálọ̀. Ó ti mọ́ wa lójú débi pé a kì í wò ó mọ́. A kàn ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń kọjá lábẹ́ aago ni. Èmi rò pé ó yẹ ká wò ó, ká sì béèrè: kí ni ẹni tó ṣe é ń fẹ́ kí ìyà yẹn ṣe fún wa?

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ère òkè òkun ni tiwa, wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn ún ní ẹ̀gbẹ́ àti àtẹ́lẹwọ́. Bí a bá ń gbàdúrà, màá di ojú mi pinpin. Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀, ẹ̀rù lọ, ìbínú dé. Ojú ère náà funfun báláú, irun rẹ̀ rí wẹ́rẹ́ bíi ti òṣèré sinimá; ẹ̀jẹ̀ ń kán, ṣùgbọ́n iwájú orí ò tilẹ̀ hunjọ. Ṣé ẹni tí wọ́n kàn mọ́gi rèé, àbí ẹni tó fẹ́ lọ ya fọ́tò?

Ìgbà náà ni mo yíjú sí iṣẹ́ ará ilé. Ní 1947, Fadá Kevin Carroll àti Fadá Sean O'Mahoney dá ilé-iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bándélé, ọmọ Areogun agbẹ́gilére ìlú Òsì, ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Làmídì Fákẹ́yẹ, tó jẹ́ Mùsùlùmí, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì gbẹ́gi fún ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú irú iṣẹ́ yìí, orí Jésù tóbi, ojú rẹ̀ là gbòòrò, ara rẹ̀ dúró ṣinṣin. Àwọn Kristẹni kan bínú, wọ́n ní ó jọ òrìṣà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kò ní jọ? Ọwọ́ tó gbẹ́ ti àná náà ló gbẹ́ ti òní. Ẹni tó bá mọ ọnà Yorùbá mọ̀ pé a kì í gbẹ́ àgbà pẹ̀lú ẹkún lójú. Ìtutù ojú yẹn kò sọ pé ìyà ò jẹ ẹ́; ó ń sọ pé ìyà ò borí rẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni ìyẹn fi tó mi.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀, egbò ẹsẹ̀ tí kò fẹ́ jinná. Mo gbé ère kan, irú ti Ọ̀yẹ́, sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ní òru ọjọ́ kan tí ìrora le, wọ́n ní kí n yí i kọjú sí ògiri. Wọ́n ní, "Eléyìí ò mọ ohun tó ń ṣe mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ Matthias Grünewald yé mi. Láàárín 1512 sí 1516 ló yà á fún ilé àwọn mọ́ńkì Antony Mímọ́ ní Isenheim. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Unterlinden ní Colmar, nílẹ̀ Faransé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i nínú ìwé, ńṣe ni mo pa ìwé dé. Ara Jésù ti ń di àwọ̀ ewé, egbò àti ẹ̀gún bò ó láti òkè délẹ̀, ìka rẹ̀ ya gátagàta bí ẹ̀ka igi gbígbẹ. Ta ló fẹ́ fi irú èyí ṣe ọ̀ṣọ́?

Ṣùgbọ́n wọn ò yà á fún ọ̀ṣọ́. Aláìsàn ni àwọn mọ́ńkì náà ń tọ́jú. Àrùn kan wà nígbà yẹn tí wọ́n ń pè ní iná Antony Mímọ́. Olú kékeré tó ń hù lára ọkà rye ló ń fà á. Ẹni tó bá jẹ búrẹ́dì ọkà bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ á máa jó o, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ á jẹrà, wọn a sì gé e. Irú wọn ló ń gbójú sókè, tí wọ́n ń rí Olúwa tí ara rẹ̀ rí bíi tiwọn. Bí wọ́n bá sì ṣí pátákó náà, inú rẹ̀ ni Jésù ti jí dìde, ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, ojú ọgbẹ́ ìkànmọ́gi nìkan ló kù, ó ń tàn. Ayàwòrán náà kò fi ìlérí bo egbò mọ́lẹ̀; egbò ló kọ́kọ́ gbà gbọ́.

Àwọn kan á ní irú àwòrán yìí ń kọ́ tálákà láti gba ìyà mọ́ra. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbi tí àlùfáà ti ń wàásù sùúrù lásán. Ní Isenheim, ẹni tó gbé àwòrán kọ́ náà ló ń wẹ egbò.

Àwọn ìjọ mìíràn ní ká sọ Jésù kalẹ̀ lórí igi, ṣebí ó ti jí. Mo gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ò tíì dé ọjọ́ Àjíǹde. Ọjọ́ Ẹtì ló ṣì wà.

N kò ta ti Ọ̀yẹ́ nù o. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tó fẹ́ mọ bí a ṣe ń fi iyì ru ẹrù, kó máa wò ó. Àmọ́ ohun tó ń dun ni ní ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ìjọ tó bá fẹ́ gbé Jésù kọ́ sí ilé ìwòsàn, kó kọ́kọ́ lọ bi àwọn tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ léèrè.