Ọmọ Tó Pe Bàbá Rẹ̀ Ní "O"

Fídíò kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ọmọ-ọmọ mi ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Bàbá àgbà, ẹ wo ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́." Mo wò ó, mo tún un wò, mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan èmi gan-an ju ọmọ ọ̀hún lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìhà Oǹdó ni. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Èébú tó ti jẹ tó o. Òun àti bàbá rẹ̀ wà nínú oko kòkó, ó gbé fóònù dání. Kò sí orin, kò sí "ẹ bá wa tẹ agogo." Bàbá ń fọ́ kòkó, ó sì ń ṣàlàyé: ìdí tí àdá kò fi gbọdọ̀ wọlé débi tí yóò gé kóró inú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kó kóró jọ, tí wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ 5 tàbí 6 kó lè gbóná, kí nǹkan funfun tó wà lára rẹ̀ yọ́ dànù, bí wọ́n ṣe ń yí i padà kó tó di pé wọ́n sá a sóòrùn. Ó ní tí o bá kánjú sá a, kóró á korò. Ó ṣàlàyé bí olùkọ́ tó mọṣẹ́. Ọmọ náà ń bi í ní ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání, ó sì ń gbà á láyè kó dáhùn tán, èyí tí ọ̀pọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò wa kì í ṣe. Èdè Oǹdó pọ́ńbélé ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn tó wò ó kò rí kòkó kankan. "O" ni wọ́n gbọ́. Níbi tí ọmọ Ọ̀yọ́ á ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé "ẹ," "o" ni ọmọ yìí ń sọ. Bí èébú ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnì kan ní ìyá rẹ̀ ni kò kọ́ ọ. Ẹlòmíràn ní íntánẹ́ẹ̀tì ló bà wọ́n jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi, ẹ ó rántí Abíọ́dún Adétúgbọ́, tó ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá ní 1967. Ó pín wọn sí àwùjọ ńlá mẹ́ta. Àwọn Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá wà ní àríwá-ìwọ̀-oòrùn. Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì wà láàárín. Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìkálẹ̀ àti Ìjẹ̀bú wà ní gúúsù-ìlà-oòrùn. Lọ́dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́, "ẹ wá" yàtọ̀ sí "wọ́n wá." Ní gúúsù-ìlà-oòrùn, "àn án wá" lè jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwọn onímọ̀ kan dá a lábàá pé bí àwọn Ọ̀yọ́ ṣe ń fi arọ́pò-orúkọ ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo ló ṣeé ṣe kó má jẹ́ kí méjèèjì dà pọ̀ lẹ́nu wọn. Ní kúkúrú, "ẹ" tí à ń fi ṣọ̀wọ̀ kì í ṣe ti gbogbo Yorùbá. Ìjẹ̀bú tàbí Oǹdó tó sọ "o" fún bàbá rẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni nílé rẹ̀. Ibòmíràn ló ń fi ọ̀wọ̀ sí. Ẹ tún fídíò yẹn wò: gbogbo ìgbà tí bàbá bá na kòkó sí ọmọ yìí, ṣe ló ń gbé fóònù sílẹ̀ kó lè fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kò sí ẹni tó kọ kọ́mẹ́ǹtì nípa ìyẹn.

Wọ́n máa ń sọ pé ayé ti yí padà, pé ẹni tó bá ti ní fóònù àti dátà ti di oníléeṣẹ́ rédíò. Mo gbà dé àyè kan. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, àgbẹ̀ kòkó kò lè débẹ̀ láti fi èdè ilé rẹ̀ kọ́ aráyé níṣẹ́. Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọ́n ń fẹ́ lórí afẹ́fẹ́, èyí tí àwọn míṣánnárì fi Ìwé Ìròyìn Abẹ́òkúta ti 1859 àti Bíbélì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, tí iléèwé sì gbà lọ́wọ́ wọn. (Ọmọ Ìbàdàn tó ń pe iṣu ní "isu" pàápàá gbọ́dọ̀ tún ahọ́n rẹ̀ ṣe kó tó sọ̀rọ̀.) Lónìí kò sí ẹni tó ń dán ohùn ẹnikẹ́ni wò lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ń gbọ́ ló wá di aṣọ́nà, etí tí àwa olùkọ́ gbẹ́ fún wọn ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ ọ. YouTube ní tirẹ̀ kò mọ Oǹdó yàtọ̀ sí Ọ̀yọ́; bí èèyàn bá ti dúró wò, tó sì kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀, èébú àti oríyìn, ọ̀kan náà ni lójú ẹ̀rọ.

Ẹ lè ní ẹ̀ka-èdè ti kún orí fóònù báyìí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú àwọn fídíò apanilẹ́rìn-ín, ta ló sábà máa ń sọ Ìjẹ̀bú tàbí Ìjẹ̀ṣà? Ahun ni, tàbí ará oko, tàbí ìyá oníjà. Dókítà inú eré yẹn kì í sọ Ìjẹ̀ṣà. Ohun tí ọmọ Oǹdó yìí ṣe tó fi yàtọ̀ ni pé ó fi èdè bàbá rẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ làákàyè, kò fi dẹ́rìn-ín pa ẹnikẹ́ni.

Mo wá àwọn fídíò tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ó tọrọ àforíjì. Nínú ẹ̀kẹta, "ẹ" ló ń sọ, ó ti ń sọ Yorùbá rédíò. Bàbá náà gbìyànjú láti bá a sọ ọ́, ó ń wá ọ̀rọ̀ kiri, ó ń dákẹ́ láàárín gbólóhùn. Nígbà tó fi máa di ẹ̀karùn-ún, bàbá kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń tún kòkó tó sá sóòrùn dà, ọmọ ń ṣàlàyé fúnra rẹ̀, àlàyé náà kò sì kún tó ti bàbá.

N kò lè bínú sí àwọn tó bú u. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, gba àlọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ìyá ìyá rẹ̀, ó sì kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Ọmọ inú àlọ́ náà pe bàbá rẹ̀ ní "ìwọ." Mo fi bírò pupa yí gbogbo rẹ̀ padà sí "ẹ̀yin," mo sì yọ máàkì. Mo ti ka iṣẹ́ Adétúgbọ́ nígbà yẹn o! Mo tilẹ̀ ti kọ́ kíláàsì náà ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú. Bó bá ń ka èyí, tí ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fẹ́ rà á padà bó ṣe wà kí n tó fi bírò kàn án.

Mo kọ àlàyé gígùn sábẹ́ fídíò àkọ́kọ́, mo sọ ọ̀rọ̀ "o" àti "ẹ," mo sọ ti Adétúgbọ́. Ẹnì kan dá mi lóhùn láàárín wákàtí kan: "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀kọ́ ilé là ń sọ, gírámà lẹ̀yin ń sọ."