Etí Tó Gbọ́ Èdè Wáyà

Bí ọyẹ́ bá mú ní Òkè-Ògùn, eruku a bo ewé kajú, a sì bo àwo tánganran tó gbé wáyà 33,000 fóòtì dání lórí òpó láàrin Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Eruku gbígbẹ kò burú púpọ̀. Ìrì ìdájí tàbí òjò àkọ́rọ̀ ni kó má bá a: eruku tó tutù di ọ̀nà fún iná. Ìgbà yẹn lẹ ó gbọ́ ṣìì, ṣìì, bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan nínú yanrìn.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ iná tó mọ ohùn yìí. Afẹ́fẹ́ kì í gbé iná, àfi tí agbára bá tó nǹkan bí 30,000 fóòtì lórí sẹ̀ǹtímítà kan. Níbi tí wáyà bá ti ṣe ṣóńṣó, afẹ́fẹ́ tó yí i ká nìkan ló máa ń juwọ́ sílẹ̀. Kòrónà nìyẹn, adé ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Látìn. Nínú òkùnkùn, adé ọ̀hún a máa tàn fẹ́ẹ́rẹ́, ní àwọ̀ àlùkò, pẹ̀lú òórùn tó ń ta nímú.

Tí ṣìì bá di pá-pá-pá, onímọ̀ kò dúró mọ́. Iná ti ń wá bí yóò ṣe fò dé orí irin. Bó bá fò, ooru rẹ̀ ń yọ́ irin. Wọn a pa iná, wọn a fi ọ̀pá yẹ wáyà wò, wọn a so ó mọ́ ilẹ̀, kí wọ́n tó gòkè lọ nu tánganran náà lọ́kọ̀ọ̀kan.